Ẹ̀yìn Ìwé Ìṣirò

Gbèsè ló fi gbogbo kọ̀rọ̀ Ẹ̀pẹ́ hàn mí.
Èmi tí wọ́n bí ní Pápá, tí mo lọ́kọ sí Òkè-Pósùn,
n kò mọ̀ pé èèyàn lè dé etí ọ̀sà
láì gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Mùdíà oníbúrẹ́dì,
láì kí Àlàájà Rálíátù tó yá wa lówó ilé,
àfìgbà tí mo dẹni tí ń gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí,
tí ń fo gọ́tà bí ewúrẹ́ tó jíṣu jẹ,
tí ń ṣí agbòòrùn lọ́jọ́ tí kò sójò, tí kò sóòrùn.

Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ló bí i.
Oṣù kejì lẹ́yìn tí a rà á, ìgbì gbà á lọ́wọ́ Wàídì.
Àjẹ̀ nìkan ló gbé wálé,
omi ń ro tótó lára rẹ̀, kò lè jókòó.
Ẹ́ńjìnì ń sùn nísàlẹ̀ ọ̀sà láàárín ẹja.
Gbèsè rẹ̀ kò sùn; ó gòkè, ó ń kanlẹ̀kùn.

Lóru ọjọ́ kan, Múbáráki ti sùn,
mo mú ìwé ìṣirò rẹ̀, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ.
Wàídì ní, "Má kọ ọ́. Bí o bá kọ ọ́, á di òótọ́."
Mo ní ohun tí a kò kà ni í bímọ nínú òkùnkùn.
Mo kọ títí dórí ẹgbẹ̀rìnlá náírà búrẹ́dì.
A rò ó pọ̀: ọ̀kẹ́ mọ́kànlá ó lé.
Wàídì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà jọ ikọ́.

Ó ní orí ejò la kọ́kọ́ ń fọ́:
ká sáré san ti Sọ̀gúndogójì tó wà ní Márínà,
tí èlé rẹ̀ ń ga sí i ní gbogbo Jímọ̀.
Mo ní ti Mùdíà ni kó ṣáájú, òun ló kéré jù,
gọ́tà fífò ti sú mi.
A fa ọ̀rọ̀ náà títí epo àtùpà fi gbẹ.
Ìṣirò gbè é. Ẹsẹ̀ mi gbè mí.

Mùdíà gbowó tirẹ̀ ní Sátidé.
Láti ọjọ́ náà, ohun tó bá ṣẹ́kù, Sọ̀gúndogójì ló ni ín.
Wàídì lọ ń wa yanrìn fún ẹlòmíràn,
omi sọ èékánná rẹ̀ di funfun.
A ta tẹlifíṣọ̀n. Mílíìkì kúrò nínú tíì.
Iléyá dé, a kò so àgbò;
ọmọ ń já ewé fún àgbò aládùúgbò,
mo ṣe bí ẹni pé n kò rí i.

Ti Àlàájà, èmi ni mo lọ bá a, kó tó wá bá mi.
Mo ní, "Kò sí lọ́wọ́ o, Àlàájà.
Àmọ́ gbogbo Mọ́ńdè, ẹ ó máa rí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta."
Ó dákẹ́. Ó fa àga fún mi.
Ó ní ó ti pẹ́ tí òun náà ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn,
kí ojú má baà tì mí.

Tíṣà ń fi bírò pupa máàkì láti iwájú,
èmi ń fi búlúù fagi lé orúkọ láti ẹ̀yìn,
títí a fi pàdé níbi pínnì àárín ìwé.
Tíṣà kò bínú. Ó máàkì tiwa náà:
mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.
Èyí tí a kùnà, a ti san ẹgbẹ̀rún kan lé fún Sọ̀gúndogójì.
Wàídì wọ ṣòkòtò, ó lọ béèrè rẹ̀.
Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ará ilé wa yóò lọ sin ẹnikẹ́ni ní gbèsè.
Kò rí i gbà. Ó padà wá, ó ń súfèé.

Ó ku ọ̀kẹ́ méjì àti díẹ̀.
Lónìí mo gba iwájú Mùdíà,
n kò ra nǹkan kan.
Mo dúró, mo béèrè ìyá rẹ̀,
mo béèrè ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tó ń dùn ún,
oòrùn ń pa mí lórí,
agbòòrùn mi wà nílé.